Àwọn Tó Lọ Sódò Láìda Màlúù

Gumato ọmọ Galma kì í gbàgbé ọjọ́. Bí ẹ bá bi í léèrè ìgbà tó kúrò nílé ẹ̀kọ́, yóò sọ fún yín pé ọjọ́ Ajé ni, nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, wọ́n sì ti ka ìwé ìmọ̀ ilẹ̀ dé ojú ewé kẹtàlélógójì. Bí ẹ bá sì bi í bó ṣe rí ọkọ fẹ́, yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ fún yín pé ọ̀dá kan náà tó lé òun kúrò ní kíláàsì ló tọ́ka ọ̀nà ilé ọkọ fún òun.

Ọ̀dá ọdún náà kì í ṣe kékeré. Gbogbo omi tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló gbẹ. Orí òkè Saku nìkan ni omi kù sí, nínú Ọgbà Ẹranko. Àwọn àgbà abúlé àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà jókòó, wọ́n pín ọjọ́: abúlé yìí lónìí, abúlé tọ̀hún lọ́la, kí ìsun kékeré tó wà níbẹ̀ lè kárí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún abúlé Galma. Galma da màlúù rẹ̀ gòkè lọ, ìdajì ló dà padà. Bó ṣe máa ń sọ ìtàn náà nìyí, pẹ̀lú igbá wàrà lọ́wọ́:

"Ọjọ́ wa ni o. Ọjọ́bọ̀ gan-an. Ẹ̀ṣọ́ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dúró sójú ọ̀nà, ó na ọwọ́, ó ní kí n padà. Kí n tó dé ìsàlẹ̀, mọ́kànlá ti kú."

Abo màlúù pupa méjì wà nínú mọ́kànlá náà. Àwọn ni wọn ì bá tà fi san owó ilé ẹ̀kọ́ Gumato. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà. Ó gbọ́ ìtàn yìí títí tó fi lè dárúkọ àwọ̀ màlúù kọ̀ọ̀kan àti ibi tó ṣubú sí, bí ẹni pé òun náà wà lójú ọ̀nà.

*

Ní ọdún 2014, Gumato ń ta tíì ní ìlú Marsabit, lábẹ́ páànù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Bó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, yóò bo iná, yóò gbé ìwé, yóò lọ sí kíláàsì àwọn àgbà. Wọ́n máa ń parí kí oòrùn tó wọ̀. Nínú oṣù Karùn-ún, olùkọ́ wọn ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó ṣe ìdánwò ìmọ̀ ilẹ̀ nígbà tí òkè tí wọ́n ń bi í nípa rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó kó wọn sínú ọkọ̀, ó di inú Ọgbà Ẹranko.

Ẹ̀ṣọ́ kan ló mú wọn gba inú igbó lọ sí etí kòtò ńlá náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, orúkọ rẹ̀ ni Liban. Òjò ti rọ̀ dáadáa lọ́dún yẹn. Adágún náà tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ kòtò, àwọn erin mẹ́fà dúró sínú rẹ̀ dé orúnkún, ìkùukùu sì ń fi ẹ̀yìn nu orí igi.

"Òkè yìí ti pọ iná rí," Liban sọ fún wọn. "Iná náà ti kú tipẹ́tipẹ́. Kòtò tó fi sílẹ̀ ni òjò ń kún."

Ọkùnrin àgbàlagbà kan nínú kíláàsì béèrè pé, "Kí ló pa iná ọ̀hún?"

Kí Liban tó lanu, Gumato ti dáhùn látẹ̀yìn: "Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Liban náà rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ fìlà. Nígbà tí àwọn yòókù ń ya fọ́tò, ó rọra sún mọ́ ọn.

"Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń bá àlejò sọ̀rọ̀ òkè yìí. Kò sí ẹni tó tíì dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀ṣọ́. Kí ẹ má baà gbàgbé."

"Ìdílé wo ni ẹ ti wá? Sabbo ni àbí Gona?"

"Sabbo ni wá."

"Ọlọ́run ṣeun! Gona ni mí."

Ojú ti Gumato, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ irú ọpẹ́ yẹn láàárín ẹ̀yà Borana? Ará Sabbo kì í fẹ́ ará Sabbo, bẹ́ẹ̀ ni Gona kì í fẹ́ Gona. Ọkùnrin tó bá béèrè ìdílé ọmọbìnrin kí ó tó béèrè orúkọ rẹ̀, kì í ṣe eré ló ń ṣe.

"Ta ló wá bi yín?" ni gbogbo èsì tó rí fọ̀.

*

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Liban ń sọ̀ kalẹ̀ wá sábẹ́ páànù. Yóò mu ife tíì mẹ́ta, yóò tún ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

"Tíì ni yóò pa ọ́," Gumato á sọ.

"Ikú tó dára ni. Tún ọ̀kan bù."

Nígbà mìíràn kò ní sọ nǹkan kan fún wákàtí kan gbáko. Yóò máa bá a gbé kẹ́ẹ̀gì omi, yóò máa ka ìwé rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Ìlú Isiolo ló gbé dàgbà, lọ́wọ́ àwọn àjèjì tó ń tọ́ ọmọ aláìlóbìí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, nítorí náà púpọ̀ nínú àṣà àwọn ènìyàn rẹ̀, nínú ìwé ló ti kà á bí àlejò. Gumato máa ń rò ó lọ́kàn lẹ́yìn tó bá ti lọ: ṣé ẹni tí kò mọ orin ìbomi fún màlúù lè jókòó ti bàbá òun? Lẹ́yìn náà yóò fọ ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú rẹ̀ á sì tún dùn.

Lẹ́yìn ọdún kan, Liban rán Dabaso, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, sí ilé Galma. Dabaso ti gbó, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ó kí, wọ́n kí i, wọ́n béèrè àlàáfíà ènìyàn, ti màlúù, ti koríko, ti òjò. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò awọ kan kalẹ̀ níwájú Galma.

"Kọfí rèé, arákùnrin mi. Mo wá tọrọ."

Galma ti ọwọ́ bọ inú àpò. Agolo ló fà jáde, agolo tó ń dán, tí wọ́n ya ife sí lára. Ó ṣí i. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo Bokayo ìyàwó rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Kọfí ni," Dabaso sọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ta ló pa á?"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ta ló pa á! Ọ̀bẹ ta ni? Ó ti kú, wọ́n ti sun ún, wọ́n ti lọ̀ ọ́! Dabaso, òkú ẹran lo gbé wá tọrọ ọmọ mi?"

Ìyàwó ilé ló yẹ kó fi eyín gé orí kọfí náà ní odidi, pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kóró kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń dúńbú ẹran, kó tó dà á sínú bọ́tà gbígbóná. Ọmọ Isiolo kò mọ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ra èyí tó dára jù, ó sì fi sínú àpò ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí kò ríran.

Bokayo rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó wá o! Ẹni tí kò bá mọ kọfí, kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó kejì."

Galma gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó dá agolo náà padà. "Lọ sọ fún un pé kó mú alààyè wá."

Gumato tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilé fi ìbòrí di ẹnu. Ó dúpẹ́ pé ẹ̀rín ni bàbá rẹ̀ fi gbà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Dabaso tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí kọfí wà nínú èèpo. Galma bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbọn ọ́n, inú rẹ̀ dùn sí i. Ó béèrè bí ọmọ náà ṣe ń jẹun.

"Iṣẹ́ ìjọba ni," Dabaso sọ. "Ẹ̀ṣọ́ Ọgbà Ẹranko lórí òkè níbí."

Galma dẹ́kun gbígbọn kọfí náà. "Ọdún wo ló débẹ̀?"

"Ọdún ọ̀dá yẹn. Ọ̀nà ìsun ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, ó sì jìyà níbẹ̀."

"Ṣé ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe nǹkan?"

Inú Dabaso dùn. "Háà! Ẹ ti mọ̀ ọ́n!"

Galma da kọfí náà padà sínú àpò, kóró kan kò bọ́ sílẹ̀. Ó di ẹnu rẹ̀, ó gbé e lé Dabaso lẹ́sẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ òsì ló nà sí mi. Ẹni tó dínà omi mọ́ màlúù mi kò ní gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Máa lọ ní àlàáfíà."

*

Gumato kò dúró de ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó ní kí wọ́n pe Liban fún òun.

"Ṣé ìwọ ni?"

Liban ti gbọ́ lẹ́nu Dabaso. Ojú rẹ̀ ti wú. "Èmi ni."

"O jókòó lábẹ́ páànù mi fún ọdún kan, o mu tíì mi, o kò sọ."

"N kò mọ̀ pé bàbá rẹ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn la dá padà lọ́dún yẹn, Gumato. Ṣùgbọ́n òun ni mo rántí jù."

"Ọjọ́bọ̀ ni! Ọjọ́ wa ni! Kí ló dé tí o dá a padà?"

Liban wo ilẹ̀. "Ọjọ́rú ni."

"Irọ́!"

"Ọjọ́rú ni. Màlúù abúlé kejì, àwọn tó ni Ọjọ́rú, ti wà nídìí omi. Omi náà kò ju kí ènìyàn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá lọ. Bí mo bá jẹ́ kí tiyín wọlé, tiwọn ni yóò kú." Ó gbé ojú sókè. "Lọ́jọ́ kejì mo gba ọ̀nà yẹn sọ̀ kalẹ̀. Mo ka èyí tó kú. Méjì pupa wà níbi tí ọ̀nà ti yà. Jọ̀ọ́, má gbé ọ̀rọ̀ yìí délé. Nǹkan tó jẹ́ ti bàbá rẹ ni."

Gumato fi ẹsẹ̀ rìn padà sí ìlú. Wákàtí méjì ni. Láàárín àwọn ènìyàn méjì tó fẹ́ràn jù láyé, ọ̀kan ń purọ́. Bó bá jẹ́ Liban ni, a jẹ́ pé kò lè fẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ bàbá rẹ̀ ni ńkọ́? Ó ronú nípa ojú ewé kẹtàlélógójì. Ó ronú nípa ọdún mẹ́fà tó fi ń gbọ́ ìtàn náà, tó sì ń sunkún sí i. Kò gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ṣùgbọ́n kò lè jẹun nílé bàbá rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ rí i. Bokayo kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún. Ní oṣù kejì lẹ́yìn náà, kíláàsì tún fẹ́ lọ sí Ọgbà Ẹranko, olùkọ́ sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹbí méjì wá.

"Mo ń lọ," Bokayo sọ.

"Lọ síbo?" ni Galma béèrè.

"Lọ wo adágún. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń mu omi òkè yẹn, n kò rí ojú rẹ̀ rí."

"Ta ní í lọ sódò láìda màlúù? Kí lẹ fẹ́ fún lómi?"

"Ojú mi ni mo fẹ́ fún lómi, Bàbá Gumato. Bí o kò bá lọ, àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ yóò bá mi sọ̀rọ̀."

"Ìwọ? Pẹ̀lú eyín mélòó?"

"Èyí tó kù tó wọn."

Galma lọ. Ó ní nítorí ìyàwó òun ni.

*

Òun nìkan ló mú ọ̀pá darandaran dání nínú ọkọ̀. Ó jókòó gbagidi, kò wo igbó, kò wo ẹfọ̀n tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ tó pàdé wọn létí kòtò, Liban ni. Ó kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Galma kò dá a lóhùn.

Bokayo rìn dé etí kòtò. Omi náà pọ̀, ó fẹ̀, àwọn ẹyẹ funfun ń bà lé e. Ó jókòó sórí koríko, ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ọmọdé.

"Ẹ ṣé o," ó sọ fún omi náà. "Ẹ ṣé o. Gbogbo ọmọ mi ni ẹ wò dàgbà."

Galma dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára ọ̀nà kékeré kan tó wọ inú igbó lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀nà ìsun. Lójijì ó yí padà sí Liban, ó ké:

"Ìwọ! Wá síhìn-ín. Ìyàwó mi rèé, ọmọ mi rèé. Sọ fún wọn. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ náà!"

Gumato wo Liban. Sọ ọ́, ó ń wí nínú ara rẹ̀. Sọ ọ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, Ọjọ́rú, gbogbo nǹkan á sì parí.

Liban bọ́ fìlà. "Bàbá, mo ní kí ẹ padà. Ẹ padà. Mọ́kànlá ló kú. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Ohun tí èmi ṣe nìyẹn, Bàbá. N kò ní èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ."

Inú bí Gumato débi pé omi lé sí i lójú. Òmùgọ̀ ọkùnrin yìí! Ó ní ohun tó lè gbà á là lẹ́nu, ó sì gbé e mì. Ó ti ń la ẹnu láti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó rí bàbá rẹ̀. Ọ̀pá ti ń yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ń wo ẹ̀ṣọ́ náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti Bokayo lórí koríko, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyá Gumato. Ọjọ́rú ni."

"Kí ló jẹ́ Ọjọ́rú?"

"Ọjọ́ tí mo da màlúù wá. Kì í ṣe Ọjọ́bọ̀. Mo sì mọ̀. Mo wo àwọn pupa méjì yẹn láàárọ̀, n kò rò pé ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ lè mọ́ bá wọn láàyè. Mo ní bóyá ẹ̀ṣọ́ kò ní mọ̀ wá yàtọ̀ sí ará abúlé kejì." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ sórí koríko. "Bí mo bá fara dà á sílé fún ọjọ́ kan sí i, bóyá méjì tàbí mẹ́ta ni ì bá kú. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ lásán ló pa mọ́kànlá. Èmi ni mo rìn wọ́n pa."

Bokayo yíjú sí i. "Ọdún mẹ́fà lo fi ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé mi."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí? Kí n sọ fún ọmọ yìí pé bàbá rẹ̀ ló pa owó ìwé rẹ̀?" Kò lè wo Gumato. Koríko ló ń fà tu.

Gumato kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ti rò pé bí ọjọ́ yìí bá dé, ìbínú ni yóò kún inú òun. Ó wá ìbínú náà kiri, kò rí i. Ọkùnrin arúgbó kan ló rí, tó ti ń gbé òkú màlúù mọ́kànlá kiri lóun nìkan, tí kò rí ibi sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí.

"Bàbá," ó wí, "mo ti ń kàwé. Oṣù Kọkànlá ni ìdánwò."

Galma mi orí. Ó mi orí léraléra. Nígbà tó ṣe, ó gbé ojú sí Liban, tó ṣì dúró bí igi.

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

"Màlúù yín ni, Bàbá. Ẹnu yín ló yẹ kó ti jáde."

"Hùn," ni Galma wí. Ó na ọwọ́, Liban fà á dìde. Ó di ọwọ́ náà mú díẹ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ. "Ta ló wà nídìí omi lọ́jọ́ yẹn?"

"Àwọn ará abúlé kejì. Gbogbo màlúù wọn ló mu."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá. Kò sí èyí tó kú."

"Ó dára," ni Galma wí. "Ìyẹn dára."

*

Nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, oòrùn ń gba àárín igi wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọrin lẹ́yìn. Gumato jókòó láàárín àwọn òbí rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò ọdún náà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ tó lè dá a láre, tí kò sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò tíì wí nǹkan kan nípa ìgbéyàwó, òun kò sì ní béèrè.

Wọ́n ti ń rí òrùlé ìlú kí Galma tó la ẹnu, tó ń wo ìta fèrèsé.

"Ìyá Gumato. Bí o bá rí Dabaso, sọ fún un pé kó má wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun o. Mo ní ìpàdé pẹ̀lú àwọn àgbà."

"Ta ló ní Dabaso ń bọ̀?"

"Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

"Ọjọ́ wo lo wá fẹ́ kó wá?"

"Ọjọ́ mìíràn gbogbo," ni Galma wí, "mo wà nílé."

Gumato fi ìbòrí bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Bokayo já a léèékánná lẹ́sẹ̀.

"Má sunkún nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀," ó sọ ọ́ sí i létí, bẹ́ẹ̀ ni omijé ń ṣàn lójú òun náà dé àgbọ̀n. "Ẹ̀rín lò ń rín. Jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ̀rín ni."